Máàpù Jámánì kan jáde nínú àpótí bàbá mi: òkun, òkè gíga, àti orúkọ tí n kò lè kà

Àrẹ̀mú_ÒkèÀdó

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, mo sì fẹ́ kí ẹ tètè bá mi dá sí i, torí ẹ̀gbọ́n mi ti ń kánjú.

Bàbá wa papòdà lọ́dún tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ yìí la ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè tú yàrá wọn l'Ókè-Àdó, a sì bá àpótí páànù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé ìgbowó-oṣù wà nínú rẹ̀, fọ́tò díẹ̀, àti nǹkan kan tí wọ́n ṣẹ́ pọ̀ bí ìró tí wọ́n sì fi okùn dì. Ìgbà tí mo tú u ni mo rí i pé máàpù ni. Tí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó tó ìwé ìròyìn tí a ṣí. Wọ́n ti gé bébà rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́jọ, wọ́n wá lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ aṣọ funfun kan lẹ́yìn, wọ́n fi àyè tín-ín-rín sílẹ̀ láàárín ọ̀kan sí èkejì kó lè rọrùn láti ṣẹ́.

Bàbá ṣe akọ̀wé ní oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Tiko, lábẹ́ òkè Kamẹrúùnù, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso apá ibẹ̀ mọ́ Nàìjíríà. 1961 ni wọ́n kó ẹrù wọn padà sí Ìbàdàn. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ òjò ibẹ̀ fún wa, wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ iná orí òkè, ṣùgbọ́n wọn kò dárúkọ máàpù kankan rí.

Ohun tí mo rí lójú rẹ̀ nìyí. Òkun wà nísàlẹ̀ lápá òsì, búlúù rẹ̀ ti ṣá. Òkè ńlá kan jókòó sí etí òkun náà gan-an, wọ́n fi àwọ̀ ilẹ̀ kùn ún, nọ́ńbà 4070 wà lórí rẹ̀. Orúkọ kún ojú rẹ̀ bámúbámú. Mo lè ka Buea, Viktoria, Tiko. Àwọn yòókù ń dá mi lágara: "Debundscha", "Kriegsschiff", "Pflanzung" tó wà káàkiri.

Ikán ti jẹ igun kan. Nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ti hu sí i lẹ́yìn. Ẹnì kan ti fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya. Pẹ́ńsù sì wà lára rẹ̀, ìlà gígùn kan tó ti orí òkè sọ̀kalẹ̀ wá.

Kí ni nǹkan yìí gan-an? Báwo la ṣe máa tọ́jú rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ní lọ́la òun á gbé e lọ ṣe lámínéètì l'Ágbowó, kí a gbé e kọ́ sí pálọ̀. Àbúrò mi obìnrin fẹ́ fi rọ́bà pa pẹ́ńsù yẹn rẹ́ kí ó lè mọ́.

Gbádé_Dùgbẹ̀

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn.

Tó bá ti ká kò, ẹ tẹ́ aṣọ lé e lórí, kí ẹ wá fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná púpọ̀ lọ̀ ọ́. Bí mo ṣe ṣe ìwé ẹ̀rí mi nìyẹn, ó sì na.

ÌyáOníwèé_Mọ́kọ́lá

Àrẹ̀mú, ẹ jọ̀wọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù kàn án o. Ẹ má jẹ́ kó dé Agbowó lọ́la pẹ̀lú. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti ń di ìwé ní Mọ́kọ́lá, mo ti rí ohun tí iná ń ṣe fún bébà àtijọ́.

Lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi lẹ bébà mọ́ aṣọ láyé ìgbà yẹn, láti ara ìyẹ̀fun ni wọ́n ti ń ṣe é, bí ìgbà tí a bá fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ nǹkan. Tí iná bá kàn án, á pọ́n, á gbẹ, á sì máa jábọ́. Sẹ́lótéèpù ní tirẹ̀ á yọ́ wọ inú bébà, òróró rẹ̀ kò sì ní jáde mọ́ láéláé. Lámínéètì tún burú jù. Ooru ni, ọ̀rá ni, kò sì sí ẹni tó lè bọ́ ọ kúrò lẹ́yìn náà láìfa bébà ya. Ohun funfun tó hu yẹn á wà lábẹ́ ọ̀rá níbẹ̀, á máa jẹun lọ.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Ẹ gbé e jáde síbi tí atẹ́gùn wà ṣùgbọ́n tí oòrùn kò sí, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní àárọ̀. Ẹ fi nǹkan bo imú, torí èéhù yẹn kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá ti gbẹ dáadáa, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ fi ń kun àwòrán, gbá a síta díẹ̀díẹ̀, láti àárín lọ sí etí. Omi kò gbọdọ̀ kàn án. Aṣọ tútù kò gbọdọ̀ kàn án. Ẹ má fín oògùn aáyán sí i lára, ẹ má sì ju káńfọ̀ sáàárín rẹ̀.

Ní ti sẹ́lótéèpù, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó bá mọṣẹ́ ló lè yọ ọ́.

Ní ti pẹ́ńsù, àbúrò yín kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ bàbá yín nìyẹn. Máàpù tí wọ́n tẹ̀ lè wà níbòmíràn láyé yìí, ṣùgbọ́n ìlà pẹ́ńsù yẹn, ọ̀kan ṣoṣo ló wà.

Ẹ má ṣẹ́ ẹ pọ̀ mọ́. Ẹ tẹ́ ẹ gbalaja sáàárín páálí méjì tó mọ́, kí ẹ fi aṣọ funfun olówùú tí ẹ ti fọ̀ tí kò ní sítáàṣì sí àárín. Kó jìnnà sí ògiri àti sí ilẹ̀, torí ara ògiri ni ikán ń gbà wọlé.

Gbádé_Dùgbẹ̀

Ẹ ṣeun, Ìyá. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àrẹ̀mú, ẹ gbàgbé ohun tí mo sọ.

Àṣàkẹ́_Hamburg

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn, Àrẹ̀mú. Èdè Jámánì ló wà lára rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ohun tó wà ní etí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà, pàápàá ibi tí nọ́ńbà gígùn bá wà.

Àrẹ̀mú_ÒkèÀdó

Ẹ ṣeun gan-an ni, Ìyá Oníwèé. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti dúró. Máàpù ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àǹtí Àṣàkẹ́, òkè rẹ̀ ni "Karte von Kamerun". Nísàlẹ̀: "1:300 000". Orúkọ ẹnì kan, "M. Moisel". Lẹ́yìn náà "Dietrich Reimer" àti "Berlin". Etí tí ikán jẹ ló yẹ kí ọdún wà, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àṣàkẹ́_Hamburg

Ó yé mi wàyí, inú mi sì dùn.

Max Moisel ni ayàwòrán ilẹ̀ tó ṣe máàpù ńlá Kamẹrúùnù fún àwọn Jámánì, ó pín ilẹ̀ náà sí ọ̀pọ̀ ìwé, Dietrich Reimer sì tẹ̀ wọ́n ní Berlin láti nǹkan bí 1910 títí di ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló wà lọ́wọ́ yín, èyí tó bo etíkun àti òkè ńlá náà. Torí náà, ọdún rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní kọ́kọ́rọ́ orúkọ wọn, torí ó rọrùn fún ọmọ Yorùbá ju bí ẹ ṣe rò lọ. J tiwọn ni Y tiwa. Sch tiwọn ni Ṣ tiwa. Tí ẹ bá rí dsch, J tiwa gan-an ni. "Debundscha" tó ń dá yín lágara, Debúnja lásán ni. Lórí àwọn ìwé yòókù nínú ọ̀wọ́ máàpù yìí ẹ máa rí "Jaunde". Yaoundé, olú-ìlú Kamẹrúùnù lónìí, ni. U tiwọn kò sì yàtọ̀ sí u tiwa, kò dà bíi ti Faransé tí wọ́n ń fi "ou" kọ.

Ẹ tún máa rí "Berg", òkè nìyẹn. "Bucht" ni ibi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀. "Faktorei" ni ilé ìṣòwò àwọn òyìnbó etíkun. "Kriegsschiff" ni ọkọ̀ ogun ojú omi: ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Man o' War Bay, lápá ìlà-oòrùn Viktoria, ni wọ́n kọ ọ́ sí. "Kleiner Kamerunberg" ni òkè kékeré tó dúró síwájú ìyá rẹ̀ létí òkun. Àwọn ọmọ ilẹ̀ ń pè é ní Etinde, kékeré náà sì ju 1,700 mítà lọ.

"Pflanzung" ni oko ńlá. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀.

1884 ni Jámánì gba etíkun yẹn. Àwọn ará Buea, àwọn Bakweri, kò gbà. Kuva Likenye ló ṣáájú wọn, ní 1891 wọ́n lé àwọn ọmọ ogun Jámánì sẹ́yìn, ọ̀gá wọn, Gravenreuth, sì kú lójú ìjà náà. Ìparí 1894 ni Jámánì padà wá pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pín ilẹ̀ abẹ́ òkè fún àwọn ilé-iṣẹ́ oko, torí eérú àti òkúta iná tí òkè náà ń tú jáde ti sọ ilẹ̀ ibẹ̀ di ọlọ́ràá. Wọ́n kó àwọn onílẹ̀ jọ sí àyè ilẹ̀ kéékèèké. Ní 1901 wọ́n fi Buea ṣe olú-ìlú. Nítorí náà, níbikíbi tí ẹ bá ti rí "Pflanzung" lórí bébà yẹn, ẹ wo orúkọ abúlé tó wà nítòsí rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ni ilẹ̀ nìyẹn. Àwọn Bakweri kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ilẹ̀ yìí láti 1946.

Àrẹ̀mú_ÒkèÀdó

Ara mi bù máṣọ bí mo ṣe ń kà á. Ṣùgbọ́n Bàbá kò gbọ́ Jámánì. Báwo ni ó ṣe dé ọwọ́ wọn?

ỌmọTíkò

Mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí láti àná, ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Tiko ni wọ́n bí mi sí, màmá mi ọmọ Bakweri, bàbá mi ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀jọ́ọ̀ ni mo ń gbé báyìí.

Ẹ wo bí oko yẹn ṣe ń yí ọwọ́ padà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ibẹ̀ lọ́wọ́ Jámánì nínú ogun 1914 sí 1916. Ní 1922, League of Nations, àjọ àgbáyé tó wà ṣáájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, fi apá kan Kamẹrúùnù sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ń ṣàkóso rẹ̀ mọ́ Nàìjíríà. Wọ́n gbé àwọn oko náà ta ní gbàǹjo ní London ní 1924, àwọn Jámánì tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ló sì ra púpọ̀ nínú wọn padà. Ogun Kejì dé, wọ́n tún gbà á lọ́wọ́ wọn. Láti 1947 ló bọ́ sí ọwọ́ Cameroons Development Corporation. Ọ̀gá ń lọ, ọ̀gá ń bọ̀, ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì kan náà ni. Ohun tí Jámánì fi sílẹ̀ ni akọ̀wé Nàìjíríà bá níbẹ̀. Tí Bàbá bá jẹ́ akọ̀wé nígbà náà, kò yà mí lẹ́nu rárá pé irú bébà bẹ́ẹ̀ wà ní ìkáwọ́ wọn.

Ní oṣù kejì 1961 ni wọ́n dìbò bóyá kí Gúúsù Kamẹrúùnù bá Nàìjíríà lọ tàbí kó bá Kamẹrúùnù Faransé lọ. Kamẹrúùnù ni wọ́n yàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún náà. Nígbà yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà di ẹrù wọn. Àwọn tí wọ́n dúró, irú bàbá mi, di àlejò.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń wá ibẹ̀ lórí máàpù òní: ẹ kò ní rí Viktoria. Alfred Saker, òyìnbó Onítẹ̀bọmi, ló tẹ ìlú náà dó ní 1858. Ní 1982 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Limbe.

Òjò tí Bàbá sọ, òótọ́ ni. Debundscha tí ẹ kò lè pè yẹn wà lára àwọn ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù láyé, nǹkan bí 10,000 mìlímítà lọ́dún. Ti Ìbàdàn níbí kò ju bíi 1,200 sí 1,300 lọ. Atẹ́gùn olómi ń ti orí òkun bọ̀, ó forí sọ òkè, kò sì sí ibi tó máa gbé omi náà lọ ju kó dà á sílẹ̀ lọ. Màmá mi máa ń sọ pé aṣọ tí a bá fọ̀ níbẹ̀ lóṣù keje, ẹ̀gbẹ́ ààrò la ó sá a sí.

Sọ́féyọ̀Àgbà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Federal School of Surveying ní Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́, mo ti fẹ̀yìn tì. Àrẹ̀mú ọmọ mi, jẹ́ kí n ràn ọ́ lọ́wọ́ láti ka ojú ilẹ̀ náà.

1:300,000 túmọ̀ sí pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí bébà jẹ́ kìlómítà mẹ́ta lórí ilẹ̀. Nínú máàpù 1:50,000 ti Nàìjíríà, tí Ìbàdàn jẹ́ ìwé 261, sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ 500 mítà péré. Torí náà má retí láti rí títì àdúgbò lórí tìrẹ. Àwọn ẹ̀gbẹ́ òkè, odò, ojú ọ̀nà, abúlé, ìyẹn ni wàá rí. Láti etí òkun dé ṣóńṣó òkè yẹn kò tó kìlómítà 30, kò tó Ìbàdàn sí Ìwó, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ gòkè láti òfo dé ohun tó ju 4,000 mítà lọ. Àwa tí à ń pe Ìbàdàn ní ìlú olókè méje, ilẹ̀ wa níbí kò ju nǹkan bí 200 mítà sí òkun lọ. Fi ìka rẹ wọn ọ́n lórí bébà, kò tó sẹ̀ǹtímítà 10. N kò mọ ibòmíràn ní apá Áfíríkà tiwa yìí tí irú rẹ̀ wà.

Nọ́ńbà 4070 yẹn, má rò pé àṣìṣe ni. Àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kọ 13,350 ẹsẹ̀ bàtà, tí o bá yí i padà, 4,069 mítà ló jẹ́. Lónìí ìwé kan á kọ 4,095, òmíràn á kọ 4,040. Báwo ni wọ́n ṣe ń wọn òkè láyé ìgbà yẹn? Wọ́n ń gbé ìkòkò omi gun un. Omi kì í dúró de ìwọ̀n 100 (Celsius) kó tó hó lórí òkè. Bí a ṣe ń gòkè ní nǹkan bí 300 mítà ni ìgbóná tó fi ń hó ń dín ní ìwọ̀n kan. Ní gíga òkè yẹn, á ti máa hó ní bíi 87. Wọ́n á ka tẹmómítà, wọ́n á ṣírò, gíga ni. Tí ojú ọjọ́ bá yí padà lọ́jọ́ náà, ìṣirò náà á yí padà.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ya ìyókù náà fani mọ́ra. Moisel kọ́ ló rin gbogbo ilẹ̀ yẹn. Sójà, oníṣòwò, míṣọ́nnárì, olúkúlùkù ń rìn pẹ̀lú kọ́ńpáàsì àti aago lọ́wọ́. Wọ́n á kọ ọ́ pé a rin ìṣẹ́jú ogún síhà àríwá, a kọjá odò kan, a yà sọ́tùn-ún. Wọ́n á fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Berlin, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń so ọ̀nà pọ̀ mọ́ ọ̀nà. Nítorí náà, ibi tí ọ̀nà gbà kọjá ló péye jù. Tó o bá rí ibi tí kò sí orúkọ kankan, kì í ṣe pé ènìyàn kò gbé ibẹ̀. Wọn kò gba ibẹ̀ kọjá ni. Àwọn aláàárù àti afọ̀nàhàn tó dárúkọ odò àti abúlé fún wọn kò sí lára bébà náà, ìyẹn máa ń dùn mí nínú iṣẹ́ wa yìí.

Kí n tó gbàgbé: Richard Burton, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì arìnrìn-àjò tó gun òkè náà ní ìparí 1861 wọ 1862 lọ, Abẹ́òkúta ló kọ́kọ́ ti ń bọ̀. Ó fi Abẹ́òkúta àti òkè yẹn sínú ìwé kan ṣoṣo tó jáde ní 1863.

Ọmọ_Agbowó

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe l'Ágbowó, n kò sì ní gbà kí wọ́n lámínéètì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú, ẹ má kì í bọ inú ẹ̀rọ sikáànì tó ń fa bébà wọlé, á ya á. Fọ́tò lẹ máa yà. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ wà láìsí oòrùn lójú rẹ̀, kí kámẹ́rà wà lókè rẹ̀ gan-an, kó má dagun, kó má sì tan iná. Ẹ ya odindi rẹ̀, ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ wá ya ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́jọ náà pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fún pẹ́ńsù, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ fi ara ra bébà. Ibi tí pẹ́ńsù ti tẹ̀ ẹ́ á yọ jáde.

Lẹ́yìn náà, QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣiṣẹ́ máàpù. Ọ̀fẹ́ ni. Ó ní ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní Georeferencer, òun ló ń mú máàpù àtijọ́ lé máàpù òní. Ẹ máa tọ́ka sí ibì kan lórí fọ́tò, kí ẹ tọ́ka sí ibẹ̀ kan náà lórí máàpù òní, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ níbi mẹ́fà, méje, tí wọ́n fọ́nká. Ẹ kọ́kọ́ wo etí rẹ̀ bóyá "Greenwich" ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà àwọn ìlà tó ti àríwá lọ sí gúúsù (longitude), ìyẹn ni pé Greenwich ní London ni wọ́n ti ń kà wọ́n, bíi ti òní. Àwọn máàpù àtijọ́ mìíràn ń ka ìlà tiwọn láti Paris, ìyẹn á sì fi ju ìwọ̀n méjì lọ yà.

Sọ́féyọ̀Àgbà

Ọmọ dáadáa. Ohun kan ni kó o fi kún un: kó mú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má mú wọn pọ̀. Àyè tó wà láàárín bébà lórí aṣọ yẹn kì í ṣe ilẹ̀. Tó bá fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́ta, 900 mítà ló máa fi purọ́.

Bákan náà, má ṣe tọ́ka sí ẹnu odò. Ẹnu odò ń ṣí, igbó ẹ̀gbà etí omi ń gbòòrò, ó ń dínkù. Mú àwọn erékùṣù olókùúta tó wà nínú omi níwájú Limbe, mú ṣóńṣó òkè, mú etí ilẹ̀ tó yọ sínú òkun. Ṣùgbọ́n fi etíkun Bibundi sílẹ̀. Ní 1922 òkè náà tú iná, òkúta yíyọ́ ṣàn títí ó fi wọ òkun níbẹ̀. Etíkun tó wà lórí bébà rẹ kọ́ ló wà níbẹ̀ lónìí.

ỌmọTíkò

Ẹ̀bẹ̀ kan, Àrẹ̀mú. Tí ẹ bá ti ya fọ́tò rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi apá tó wà láàárín Buea àti Tiko hàn mí. Àwọn abúlé kan wà tí màmá mi máa ń dárúkọ tí n kò rí lórí máàpù kankan lónìí.

Àrẹ̀mú_ÒkèÀdó

Ẹ káàárọ̀ o. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti dákẹ́, iṣẹ́ ni mo ń ṣe.

Ìyá Oníwèé, mo ti gbá èéhù náà kúrò bí ẹ ṣe wí, ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí. Ọmọ Agbowó wá sílé fúnra rẹ̀, ó ya gbogbo rẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀. "Greenwich" ló wà létí rẹ̀. A mú ọ̀kọ̀ọ̀kan lé máàpù òní, Limbe bọ́ sórí Viktoria, Buea bọ́ sórí Buea. Bàbá Sọ́féyọ̀, bí ẹ ṣe sọ ló rí: lójú ọ̀nà ó péye, nínú igbó ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹnì kan ti tẹ̀ mí láago pé òun fẹ́ rà á. Mo ti sọ fún un pé a kò tíì ṣe tán pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tó mú mi padà wá gan-an ni ìlà pẹ́ńsù Bàbá. A tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí òkè lápá ìlà-oòrùn, ó sọ̀kalẹ̀, ó dúró kó tó dé ìlú Ekona. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kékeré, lọ́wọ́ Bàbá: "iná, 59". A ti ń wò ó tẹ́lẹ̀ bíi pé ọ̀nà ni wọ́n fà.

ỌmọTíkò

Ọ̀nà kọ́ o! Ní 1959 òkè náà tú iná, òkúta yíyọ́ sì ń bọ̀ sí apá Ekona. Àwọn àgbà wa ṣì ń sọ ọ́, bí alẹ́ ṣe pọ́n rẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí fọ́tò sátẹ́láìtì, kí ẹ wo ibi tí igbó ti yàtọ̀ sí èyí tó yí i ká.

Ọmọ_Agbowó

Mo ti ṣí i. Mo gbé ìlà Bàbá lé e. Kò bọ́ sórí rẹ̀ gẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan náà ni, ibi tó dúró sí kò sì jìnnà.

Sọ́féyọ̀Àgbà

Akọ̀wé ọ́fíìsì ló fi pẹ́ńsù ṣe ìyẹn, láìsí kọ́ńpáàsì. Iṣẹ́ rere ni.

Àrẹ̀mú_ÒkèÀdó

Àbúrò mi tó fẹ́ fi rọ́bà pa á ló ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí.

Ohun tí a fẹnu kò sí nílé nìyí. Bébà náà á wà pẹ̀lú wa. A máa mú fọ́tò rẹ̀ lọ sí National Archives nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ỌmọTíkò yóò sì bá wa fi òmíràn ránṣẹ́ sí ti Buea. Orúkọ abúlé mọ́kànlá ni mo ti kọ jáde láàárín Buea àti Tiko, mo ti fi ránṣẹ́ sí i kí màmá wọn kà á.

ỌmọTíkò

Màmá ti kà á. Wọ́n mọ mẹ́sàn-án. Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, ọmọ àwọn ni yín.

Àrẹ̀mú_ÒkèÀdó

Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ìyá Oníwèé, ó ku igun tí ikán jẹ àti sẹ́lótéèpù yẹn. Ṣé ẹ lè bá mi wò ó?

ÌyáOníwèé_Mọ́kọ́lá

Ẹ gbé e wá ní Ọjọ́bọ̀, kí oòrùn tó mú. Sáàárín páálí o, ẹ má ṣẹ́ ẹ. Tí òjò bá ṣú, ẹ fi í di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí àbúrò yín náà tẹ̀ lé yín wá, mo máa fi bí wọ́n ṣe ń se lẹ́ẹ̀ rẹ̀ hàn án.